Ọ̀rẹ́ Tí A Pàdé Lórí Bọ́ǹkì: Bí O Ṣe Lè Ní In, Bí O Ṣe Lè Gbà Á Lálejò ní Ìlọrin

Nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí ní Kútọnù, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo kí i, mo ní ọmọ ibo ni. Ó ní, "Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí." Háà! Èmi náà, ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí. Mo ní, "Agboolé wo?" Ó ń wò mí. Mo ní, "Ṣé ilé yín ò jìnnà sí ààfin Olúpo?" Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Olúpo. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí kó tó yé wa pé Àjàṣẹ́ tirẹ̀ ni Porto-Novo, olú ìlú Benin, tí Yorùbá ibẹ̀ ń pè ní Àjàṣẹ́. Tèmi ni Àjàṣẹ́-Ìpo ní Kwara, oríta tí ọ̀nà Ọ̀fà ti pínyà pẹ̀lú ọ̀nà Òmù-Àrán. A rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà lórí bọ́ǹkì òkè fi ní ká ṣàánú òun, òun fẹ́ sùn.

Ní gbogbo ìrìn àjò yẹn, láti Kútọnù dé Lómè, láti Lómè dé Ákrà, èèyàn tí mo bá gba nọ́ńbà lè ní ogún. Mẹ́ta ló kù. Méjì nínú wọn ti wá kí mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin. Ìdí tí mo fi ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn, nítorí àwọn àbúrò mi kan ń múra àtigbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ohun tí wọ́n sì ń bi mí ni iye owó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ á máa yí padà. Ọ̀rọ̀ èèyàn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá pe họ́sítẹ̀lì ní Tánkẹ̀, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ni gbogbo ayé máa gbọ́. Èyí tí mò ń sọ yàtọ̀ díẹ̀. Ilé arìnrìn-àjò ni. Wọn kì í ta yàrá fún ọ, ibùsùn ni wọ́n ń tà. Ẹ ó jọ wà ní yàrá kan, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná á sì jẹ́ ti gbogbo yín. Olùkọ́ kan ní Jámánì, Richard Schirrmann, ló pilẹ̀ rẹ̀. Ní 1909, òjò ńlá ká òun àtàwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n sì sùn sínú ilé ìwé abúlé kan. Ibẹ̀ ló ti ro ó pé, nígbà tí ilé ìwé bá ṣófo lásìkò ìsinmi, kí ló dé tí àwọn ọmọ tó ń rìnrìn àjò ò lè máa sùn síbẹ̀? Nígbà tó di 1912, wọ́n ti ṣí ọ̀kan tó dúró sán-ún nínú ilé olódi àtijọ́ kan ní Altena. Ẹni tó bá ti ṣe káńpù àgùnbánirọ̀ ní Yíkpátá ti mọ ìdajì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó ń hanrun, ìlà ẹnu balùwẹ̀, àti bí àjèjì ṣe ń di "bọ́ǹkì mi" láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Yan ilé tí wọ́n ti ń dáná

Bí o bá ń wo ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má wo bí aṣọ ibùsùn ṣe funfun tó. Àwòrán ilé ìdáná ni kí o wá. Ilé tí kò bá ní ilé ìdáná, oníkálukú á jáde lọ jẹun, á wọlé, á gbé fóònù sójú, ilẹ̀ á mọ́. Yàrá ẹni mẹ́fà dáa. Yàrá ẹni méjìlá ti di ọjà. Àwọn obìnrin lè béèrè fún yàrá obìnrin nìkan, ọ̀pọ̀ ilé ló ní in.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gùn: àwa ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà fún 90 ọjọ́ ní Benin, Tógò àti Gánà, nítorí àdéhùn ECOWAS. Mú pásípọ́ọ̀tù rẹ dání, mú yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, dání, má jẹ́ kí wọ́n fi àìní rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Di ohun tí ẹlòmíì máa nílò

Gbogbo èèyàn ló ń di ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lò. Ìwọ di ohun mẹ́ta tí ará yàrá rẹ máa wá bá ọ tọrọ. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n. Mi ò ṣàwàdà o. Ojú iná kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá wa ní Kútọnù, èèyàn mẹ́jọ, fóònù mẹ́wàá. Bí mo ṣe yọ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n oníhò mẹ́rin tí mo rà ní àdúgbò Post Office ní Ìlọrin jáde, kò sẹ́ni tí kò bi mí lórúkọ. Ìkejì ni àgádágodo méjì. Lọ́kà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa mú àgádágodo tìrẹ wá, ẹnì kan ò sì ní ṣàì gbàgbé tirẹ̀ sílé. Ìkẹta ni gàrí àti kúlíkúlí.

Má di ju ohun tí o lè gbé gun àtẹ̀gùn lọ. Ọmọ Ìlọrin kan tí a jọ lọ gbé ẹ̀kún àpò èlùbọ́ lọ sí Lómè. Ó ń pe ara rẹ̀ ní arìnrìn-àjò, alágbàrù ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí èèyàn kó tó kí ọ

Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣòro jù, pàápàá fún àwa tí wọ́n fi ìkíni tọ́. O wọlé, o rí ẹni mẹ́rin tí wọ́n dojú kọ fóònù, kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn. Nílé wa, ìwọ̀sí nìyẹn. Má bínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kí ẹni tó wọlé káàbọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń fún ọ láyè ni. Gbé báàgì sílẹ̀, sọ orúkọ rẹ, sọ ìlú rẹ, kí o béèrè ohun kan tí wọ́n lè dáhùn láì ronú: "Níbo ni omi mímu wà?" Ẹni tó bá dìde lọ fi hàn ọ́, òun ni kí o kọ́kọ́ rántí orúkọ rẹ̀.

Kí ìwọ náà sì mọ ìwà yàrá. Ẹni tó ń tan iná ní aago méjì òru, tó ń tú ọ̀rá kiriṣi kiriṣi láti wá ṣòkòtò, kò lè ní ọ̀rẹ́ ní yàrá yẹn kódà bó pín owó. Kó ohun tí o máa wọ̀ láàárọ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Bí o bá ń hanrun, sọ fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi gbà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Jẹ́ kí ọwọ́ yín jọ wọ iṣẹ́ kan

Ibí ni mo ti fẹ́ jókòó díẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó lẹ́nu ló máa ń lọ́rẹ̀ẹ́ ní họ́sítẹ̀lì. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jọra wọn ni: Ọmọ ibo ni ọ́? Ọjọ́ mélòó lo máa lò? Níbo lo ti ń bọ̀? Nígbà tó bá di ìgbà kẹwàá, ẹnu á rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ gé àlùbọ́sà, o ò ní gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀sán kan báyìí, oòrùn mú gan-an, kò síná, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáná. Mo bu gàrí sínú kọ́ọ̀bù, mo bu omi tútù lé e, mo ju kúlíkúlí sí i. Ọmọ Jámánì tó wà lórí bọ́ǹkì tó kọjú sí tèmi ní kí n fún òun náà. Mo ní kó bu fúnra rẹ̀. Ó bu gàrí kún kọ́ọ̀bù dé ètè, ó rọ omi díẹ̀ sí i, ó ń rò ó bí ẹni ń ro ògì. Mo dákẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ náà dákẹ́, ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kò pẹ́, gàrí wú, ó gbé orí sókè kúrò nínú kọ́ọ̀bù, ó ń ṣàn sórí tábìlì. Ọkùnrin náà gbé kọ́ọ̀bù sókè, ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ya. Ọmọ Tamale kan, láti àríwá Gánà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun ló sì gbé abọ́ wá tí a dà á sí, tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ṣíbí mẹ́rin jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti jọ ń jẹun.

Nítorí náà, má sè é tán kí o tó pe èèyàn. Pè wọ́n sídìí iṣẹ́. Fún ẹnì kan ní ọ̀bẹ, fún ẹnì kan ní ata. Ẹni tó bá jẹun tán tó dìde fọ abọ́ láì jẹ́ pé wọ́n rán an, sún mọ́ ọn. Ẹni tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò fọ ṣíbí rí, máa kí i dáadáa, kó parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ jọ rin ọjọ́ kan kí ẹ tó jọ rin ọ̀sẹ̀ kan

Inú dídùn họ́sítẹ̀lì máa ń mú kí èèyàn sọ lálẹ́ ọjọ́ kejì pé, "Ó yá, ká jọ máa lọ sí Ákrà!" Ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ ti máa padà wálé lálẹ́. Wo bó ṣe ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Wo ohun tó ṣe nígbà tí ọkọ̀ pẹ́. Bí ebi bá ń pa á, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni àbí ó ń lejú mọ́ gbogbo ayé? Ilé oorun ò fi ìwà hàn tó ibùdókọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó

Ẹ dá owó oúnjẹ jọ bí àjọ ní àárọ̀, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ pín èyí tó kù lálẹ́. Má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Náírà, sẹ́fà, sídì: bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, kò sẹ́ni tó máa rántí iye tí wọ́n ṣẹ́ ẹ.

Ní ti yíyáni lówó, èyí tí o bá lè gbàgbé ni kí o yá èèyàn. Mo yá ọmọkùnrin kan ní 20,000 sẹ́fà ní Lómè. Ó ní káàdì òun ò ṣiṣẹ́, pé ìyá òun máa fi owó ránṣẹ́ lọ́la. Ọ̀la dé, bọ́ǹkì rẹ̀ ti mọ́ féfé, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn fún ẹlòmíì. Mo bínú fún ọjọ́ kan gbáko. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti sọ fún ọmọ Tamale pé, "Má ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọlúàbí ni."

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ pínyà dáadáa

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ká má tíì wá sọ ti ogún àlejò. Má ṣèlérí fún gbogbo èèyàn. "Wá sí ìlú wa o" dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tí o bá fẹ́ kó wá ní tòótọ́ ni kí o sọ ọ́ fún, kí o sì fi oṣù sí i. Gba nọ́ńbà, kọ orúkọ ìlú rẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀; lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orúkọ nìkan ò ní sọ nǹkan kan fún ọ. Bí o bá délé, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí ẹ jọ yà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ "ẹ káàárọ̀" olódòdó tí o fi ránṣẹ́ sí igba èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ó ní òun ń bọ̀ ní Ìlọrin

Ibí gan-an ni ọ̀rẹ́ ti máa ń yàtọ̀ sí ojúlùmọ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ sì pọ̀.

Kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Inú ilé ìyá onílé ni mò ń gbé. N kò lè kàn mú ọmọ ọlọ́mọ wọlé. Mo lọ kúnlẹ̀ bá Ìyá ní ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, àlejò méjì ń bọ̀ wá kí mi, ọ̀kan láti Àjàṣẹ́ Porto-Novo, ọ̀kan láti Gánà." Ìyá ní, "Obìnrin ni àbí ọkùnrin?" Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ìyá ní, "Obìnrin ò ní sùn lókè o." Mo ti mọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ọmọ Àjàṣẹ́ sí, lálẹ́. Ojúmọ́ rẹ̀ la ń bá ara wa. Má rò pé àlejò á bínú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣàlàyé fún un kó tó gbéra, kó má baà jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ló ti máa gbọ́.

Ọmọ ìlú ECOWAS kò nílò físà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Jámánì nílò rẹ̀, ó sì lè ní kí o kọ lẹ́tà ìpè fún òun. Má fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí ẹ kò jọ rìn rí.

Má sì jẹ gbèsè nítorí àlejò. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Àlejò tó mọ orí bọ́ǹkì kò retí hòtẹ́ẹ̀lì. Báàkẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀, àpò ìbùsùn lórí ilẹ̀, fáànù bí iná bá wà: ó tó.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má lọ jìnnà. Mú un lọ sí Òkèlele, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò ní Dàdá. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ó wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń yí etí ìkòkò po. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn kí ẹ tó gbé fóònù sókè ya fọ́tò, kí ẹ sì ra nǹkan kékeré. Ẹ gba Ọjà Ọba kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ẹ́míà. Bí o bá mọ oríkì ìlú, sọ ọ́ fún un: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tó báyìí kò léegún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò. Kó o wá ra wàrà díndín tó gbóná, tí ata ti yí lára. Ní Gàm̀bàrí, ọmọ Tamale gbọ́ tí wọ́n ń sọ Haúsá, ló bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fúnra rẹ̀ ná ọjà. Ó rà á lówó pọ́ọ́kú ju bí èmi onílé ṣe máa ń rà á lọ.

Ọjọ́ kejì, a lọ sí Ẹ̀sìẹ́. A gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, ọmọ Àjàṣẹ́ sì ní àfi kí awakọ̀ dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró ti bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, mo yà á, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. A ò tíì dé Òrò tí ìyá náà pè: "Ìgbà wo lo ti délé?"

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan: ọkùnrin, obìnrin, àwọn míì jókòó lórí àpótí, àwọn míì dira ogun. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn dájú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú wọn ni pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ọmọ Tamale wo àwọn ère, ó wò mí, ó ní ṣé oúnjẹ àárọ̀ tí mo pẹ́ gbé wá kò ní sọ òun náà di òkúta báyìí.

Wọ́n á fẹ́ lọ sí ìsun omi Òwù, ní Ọ̀wá-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, nítorí wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fẹ́ ẹ. Omi náà ń já bọ́ láti ibi tó ga ju 100 mítà lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́: àwọn ajínigbé ti da Gúúsù Kwara láàmú láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Kí o tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, pe ẹni tó ń gbé agbègbè náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Bó bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. Bó bá ní kò séwu, ẹ bọ́ sọ́nà láàárọ̀, kí ẹ mú ọmọ ìlú dání, kí oòrùn má wọ̀ bá yín níbẹ̀. Nígbà tí tiwa dé, wọ́n ní ká má wá. A padà sí Ìlọrin, a jẹ àmàlà.

Nǹkan tí mi ò ṣètò ló wá dùn jù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, ọmọ Tamale sọ̀kalẹ̀ lọ kí Ìyá onílé. Ìyá bi í pé Gánà ibo. Ó ní Tamale. Ìyá gbé ọwọ́ kúrò lórí tẹ̀súbáà. Ó ní, "Dasiba." Ọmọ náà fò sókè. Ó dáhùn pé, "Naa," ó tún rẹ́rìn-ín, torí àárọ̀ ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀ ní Dagbani, èdè Tamale, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Tamale ni wọ́n bí Ìyá sí, pé bàbá rẹ̀ ń tajà níbẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà yẹn, títí ìjọba Gánà fi lé àwọn àjèjì tí kò níwèé ní 1969. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń san owó ilé fún un. Mi ò bi í rí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Sìn ín dé gáréèjì

Má dágbére fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà ilé. Bá a dé ibi ọkọ̀, bá a ná owó rẹ̀, ya nọ́ńbà ara ọkọ̀ kó tó gbéra, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé rẹ̀. Ẹ̀bùn tó máa bàjẹ́ lọ́nà kò dáa: wàrà kò ní dé Sẹ̀mẹ̀. Kúlíkúlí á dé Tamale.

Bó bá délé tí kò pè, ìwọ pè é, lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ọmọ Àjàṣẹ́ máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ tó gùn bí ìwàásù. Ọmọ Tamale ń pè ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń pè. Ìyá ni. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ bi Ìyá.